Àgbò Tí Ṣìfáwù Dá Padà Lẹ́nu Géètì

Ṣìfáwù Àṣàkẹ́, ọmọ tó jọ mí jù nínú gbogbo ọmọ mi,

Èmi fúnra mi ni mò ń kọ ìwé yìí, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Tí o bá rí i pé lẹ́tà ibì kan tóbi ju ti ibòmíràn lọ, má rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ tó ń fi ọ̀dà kọ orúkọ oníbàárà sára àgbò ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan wínníwínní. Pámárì tíírì ni mo kà mọ. Pámárì tíírì yẹn ló kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Ìbà, òun ló rán ẹ lọ sí yunifásítì ní Ìyànà-Ìbà, òun náà ló ra wíìgì funfun tí ẹ̀yin lọ́yà ń dé sórí. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wò ó.

Ara le nílé. Ìyá ẹ ti ròyìn fún gbogbo Okokomáíkò pé wọ́n ti kọ́nfáàmù ẹ níbi iṣẹ́ àti pé Àkúrẹ́ ni wọ́n ń gbé ẹ lọ. Tí o bá rí ẹni tí ò tíì gbọ́, àjèjì ni. Èmi náà sọ ọ́ lọ́jà ẹran ní Alaba Rago. Mo sọ ọ́ fún àwọn Hausa ní èdè wọn, mo sọ ọ́ fún àwọn Ìgbò tó wá ra ẹran. Mo ní ọmọ mi obìnrin ti di ọ́físà pátápátá ní àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti rìbá àti ìwà àjẹbánu, àjọ tí àwọn ọlọ́lá ń gbọ́ orúkọ ẹ̀ tí oúnjẹ fi ń há wọn lọ́fun.

Láti ọjọ́ tí mo gbé àgbò wá sí ọ́fíìsì yín ni o ti ń pè mí lórí fóònù, tí mi ò gbé e. Ìyá ẹ sọ fún ẹ pé fóònù mi bàjẹ́. Fóònù mi ò bàjẹ́. Mo bínú ni. Ìbínú yẹn ti lọ báyìí, ohun tó lé e lọ ni mo fẹ́ kí o mọ̀ kí o tó di ẹrù ẹ. Màá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ náà wà níbẹ̀, torí mo fẹ́ kí o tọ́jú ìwé yìí kí àwọn ọmọ ẹ lè kà á, kí wọ́n mọ irú ẹni tí bàbá ìyá wọn jẹ́.

O mọ̀ pé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí wọ́n bá gba ọmọ ẹni síbi kan, bàbá ọmọ á lọ dúpẹ́. Nígbà tí o wọ sẹ́kọ́ńdìrì, òbúkọ ni mo fà lọ fún ọ̀gá ilé ìwé. Nígbà tí yunifásítì gbà ẹ́, mo béèrè ẹni tí màá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, o ní kọ̀ǹpútà ló gbà ẹ́. Mo ní kí ni kọ̀ǹpútà ń jẹ. O rẹ́rìn-ín títí, mo sì gba fún ẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí o rí yìí, tí mi ò mọ ẹnì kankan, tí ẹnikẹ́ni ò bá wa sọ̀rọ̀, tí àwọn kan kàn pe orúkọ ẹ pé kí o máa bọ̀, ṣé màá jókòó sílé? Ojú á tì mí láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi.

Ni mo bá mú àgbò tó dáa jù nínú ọgbà mi. Funfun gbòò, ojú ẹ̀ dúdú, ìwo ẹ̀ ká yípo. Láti kékeré ni mo ti ń fi eèrí àgbàdo àti ewé ẹ̀pà bọ́ ọ. Mo wẹ̀ ẹ́. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà: ỌGA ṢIFA. Bí a ṣe ń ṣe ẹran tó bá ti ní olówó nìyẹn, kó má baà dà pọ̀ mọ́ tẹlòmíràn. Mo wọ agbádá, mo gbé e sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù Sàlámì dírẹ́bà, a gbéra ní Ìbà, ó di ọ́fíìsì yín.

Àwọn tó wà lẹ́nu géètì dá wa dúró.

"Bàbá, níbo lẹ ń gbé ẹran lọ?"

"Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni."

"Ọ̀gá wo?"

"Ọ̀gá Ṣìfá. Ṣé ẹ ò ríran ni? Wọ́n kọ ọ́ sí i lára."

Ọ̀kan nínú wọn ka ara àgbò náà, ó wò mí, ó tún un kà. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ wà yìí ṣá?"

"Mo mọ̀. Ibi iṣẹ́ ọmọ mi ni."

"Àwọn tó máa ń gbé irú ẹ̀ wá síbí, ibí náà ni wọ́n máa ń sùn o."

Sàlámì ti ń wá bó ṣe máa yí mọ́tò padà. Ibẹ̀ ni o ti jáde wá nínú kóòtù dúdú. O rí mi, o rí àgbò, o ka ohun tó wà lára ẹ̀, ojú ẹ yí padà. Síbẹ̀ o kúnlẹ̀. O kúnlẹ̀ sórí kọnkéré gbígbóná lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ, o kí mi bó ṣe yẹ kí wọ́n kí mi. Lẹ́yìn náà lo ní, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ilẹ̀ níbí."

Mo ní, "Kí ló dé? Ṣé wọn kì í jẹ ẹran àgbò níbi iṣẹ́ yín ni?"

"Wọ́n ń jẹ ẹ́, sà. Wọn ò gbọ́dọ̀ gbà á ni."

"Ìdúpẹ́ ni. Mi ò tọrọ nǹkan kan. Àṣà wa ni."

"Bàámi, òfin tó dá àjọ yìí sílẹ̀ dárúkọ àṣà. Ó ní ẹni tó fúnni ní rìbá àti ẹni tó gbà á, kò sí èyí tó lè dé iwájú adájọ́ kó ní àṣà àwọn ni, tàbí pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nídìí iṣẹ́ àwọn nìyẹn. Adájọ́ ò ní gbọ́ ọ rárá."

"Ìyẹn ni pé àṣà wa ò jẹ́ nǹkan kan lójú yín."

"Ó jẹ́ nǹkan, sà. Ìdí tí wọ́n fi dárúkọ ẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gba rìbá, abẹ́ àṣà ló kọ́kọ́ máa ń sá sí." O wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọn ò tíì kọ́nfáàmù mi, Bàámi. Àgbò ni ẹ tà tí ẹ fi rán mi níwèé. Tí eléyìí bá fi wọlé, òun nìkan á jẹ gbogbo ìwé náà tán."

Mo wo ojú ẹ, mo rí i pé o ò ní yẹ̀. Mo ní kí Sàlámì yí mọ́tò padà. Ìyá ẹ wá tún sọ fún mi nígbà tó yá pé bí mo ṣe kẹ̀yìn báyìí, ìwọ fúnra ẹ lo wọlé lọ sọ fún ọ̀gá ẹ pé bàbá ẹ gbé àgbò wá, kó tó di pé ẹlòmíràn sọ ọ́.

Àṣàkẹ́, ìrìn ọjọ́ yẹn gùn. Gbogbo ibi tí a dé ni wọ́n ti ń ka ara ẹran. Ní Alaba Rago, àwọn ọmọ onímọ́tò ń béèrè pé, "Alhájì, ta ni ọ̀gá Ṣìfá?" Bí a ṣe kọjá Ìyànà-Ìbà ni Sàlámì ní, "Alhájì, ọmọ yín ò gbà fún yín o." Mo ní kó dojú kọ ọ̀nà ẹ̀.

Mo so ẹran náà mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi fúrúùtù inú ọgbà mi. Ọ̀dà pupa yẹn kì í ṣeé fọ̀ kúrò. Ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá jáde, orúkọ ẹ ni mo ń kà lára ẹ̀, inú á tún bí mi.

Ibẹ̀ la wà tí kọngílá kan fi wá. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní sọ ibi tí iṣẹ́ ìjọba tó gbà tí kò ṣe parí wà. Ìdí ẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Ó wọlé, ó bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹni tó ń fi jíǹpù rìn kì í dọ̀bálẹ̀ fún alágbò lásán, mo ti mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀.

"Alhájì mi, mo gbọ́ pé ọmọ wa ti di ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń mú èèyàn."

"Kò tíì di ọ̀gá. Ó ń bọ̀ wá dì í."

Ó ń rìn láàárín ẹran bíi pé ó fẹ́ ra gbogbo wọn. Ó dé abẹ́ igi fúrúùtù, ó dúró. "Ta ló ni eléyìí?"

"Èmi ni."

"Ara ẹ̀ ní ọ̀gá Ṣìfá ló ni ín."

"Ara ẹ̀ ń parọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fà mí mọ́ra. Ó ní kí n tà á fún òun, kí n bá òun gbé e lọ fún yín, kí n kàn sọ fún ọmọ mi pé fáìlì kan wà níbẹ̀ tí òun fẹ́ kó sùn díẹ̀. Ó gbé owó jáde. Owó náà pọ̀ ju ti àgbò lọ, ó pọ̀ ju ti ọgbà lọ. Ó ní, "Kì í ṣe rìbá o, Alhájì. Sàárà ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà kọ́ la ṣe ń ṣe é? Àṣà wa ni."

Ṣìfáwù, ọ̀rọ̀ ẹnu mi gan-an ló gbé jáde. Àṣà wa ni. Bí mo ṣe sọ ọ́ lẹ́nu géètì náà ló ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀rín àti ohùn dídùn. Ìgbà yẹn ni mo tó rí ohun tí ìwọ rí. Èmi ń fi dúpẹ́, òun ń fi bo ojú fáìlì, àgbò kan náà ni, ọ̀dà kan náà ni. Ta ló máa wá yà wá sọ́tọ̀ lẹ́nu géètì yẹn? Òfin ò lè máa wo inú ọkàn àgbò. Ìbínú mi kúrò lára ẹ láàárín ọgbà yẹn, ó sì rí ẹlòmíràn bà lé.

Mo ní, "Ẹ kó owó yín. Ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ẹni tó bá wọn gbé e náà ò ní dúró síta. Àní bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ lẹ́nu yẹn, tí ẹran ò tíì kúrò lórí ìso, ẹ ti rú òfin."

Ó ní, "Alhájì, ta ló kọ́ yín lófin?"

Mo ní, "Ẹnu géètì ni wọ́n ti kọ́ mi."

Ó dé fìlà ẹ̀ padà, kò dọ̀bálẹ̀ kó tó lọ. Mo wọ agbádá mi, èyí tí mo wọ̀ lọ́jọ́sí náà, mo sì padà sí ọ́fíìsì yín. Wọ́n ti rán ẹ níṣẹ́ jáde lọ́jọ́ náà, mo ti béèrè lọ́wọ́ Ìyá ẹ kí n tó lọ. Ẹni tó wà lẹ́nu géètì yẹn náà ló tún wà níbẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn mi. "Bàbá, ẹran dà?"

"Ẹnu nìkan ni mo gbé wá lónìí."

Wọ́n mú mi jókòó, ọ́físà kan kọ gbogbo ohun tí mo sọ sílẹ̀. Ó ní òfin bo ẹni tó bá wá sọ òótọ́ fún wọn mọ́lẹ̀, pé wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé èmi ni. Mo ní bo kí ni? Mo ní kó kọ orúkọ mi gàdàgbà, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ìta. Ó ní, "Bàbá, òfin ni, kì í ṣe bó ṣe wù yín." Ó tún ní mi ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ọkùnrin náà fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìwọ. Nítorí náà, ohun tó tóbi jù tí mo ṣe láti ọjọ́ tí mo ti dé Èkó, mi ò lè sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ìwọ nìkan ni mo lè fi ẹ̀yìn ẹ̀ hàn, láìfi ojú ẹ̀ hàn. Ó ń dùn mí. Mò ń fara dà á.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ìyá ẹ wá gbé ìròyìn wọlé pé wọ́n ti kọ́nfáàmù ẹ, ó sì sọ ohun tí ọ̀gá ẹ sọ lójú gbogbo wọn: "Ẹni tó lè dá àgbò bàbá ẹ̀ padà, àgbò ta ló máa wá gbà?" Mo ní kí Ìyá ẹ tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní kó sọ ọ́ sókè kí àwọn ayálégbé gbọ́. Ìdí ọ̀rọ̀ náà nìyí, Àṣàkẹ́: tí mi ò bá gbé àgbò wá, kí lo máa rí dá padà? Àgbò mi ló kọ́nfáàmù ẹ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ògo yẹn mọ́ mi lọ́wọ́.

Ó yá, jẹ́ kí n gbà ẹ́ nímọ̀ràn, torí Àkúrẹ́ jìn, mi ò sì lè máa sáré wá.

Ìkínní. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ òwò ní Alaba Rago, wọ́n ta àgbò kan fún mi tí ikùn ẹ̀ rí rogodo. Mo rò pé mo ti rẹ́ ọlọ́jà náà jẹ. Kò pẹ́ tí mo mú un délé tó fi tọ̀ títí tó fi rí pẹlẹbẹ. Iyọ̀ ni wọ́n fún un lá, tó fi mu omi yó. Bàbá Àúdù, Hausa tó kọ́ mi ní òwò, ló fà mí lọ́wọ́, ó ní kí n má wo ikùn mọ́, kí n máa tẹ egungun ẹ̀yìn wò. Ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n á máa kó wá bá yín, òmíràn ti lá iyọ̀. Ẹni tó ń bá àbúrò ẹ̀ jà lórí ilẹ̀ á ní olè ìjọba ni àbúrò òun. Tẹ egungun ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Ìwọ lo sọ fún mi pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀sùn irọ́ kan ẹlòmíràn lọ́dọ̀ yín, òun náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. Rán wọn létí rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.

Ìkejì, má ṣe ara ẹ ní adájọ́. Tiyín ni kí ẹ wádìí, kí ẹ kó ohun tí ẹ rí lọ sí kóòtù. Wọ́n ti fi ẹ̀sùn olè kan èmi náà rí, ní Rago yẹn, mi ò tíì níyàwó. Ọkùnrin kan ní àgbò òun ló wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ti mú okùn tí wọ́n fẹ́ fi dè mí. Bàbá Àúdù ní kí wọ́n tú àgbò náà sílẹ̀ kí gbogbo èèyàn yà fún un. Ẹran náà rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ kọjá níwájú ọkùnrin yẹn, kò wojú ẹ̀, ó lọ síbi tí mo máa ń so ó mọ́, ó dùbúlẹ̀. Ẹ̀rí tó bá wà lọ́wọ́ ẹ, ṣe é bẹ́ẹ̀. Tú u sílẹ̀, kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn dé iwájú adájọ́. Má fà á lókùn, bó ti wù kí ojú ẹni náà burú tó.

Àwọn ẹbí wa ńkọ́? Wọ́n ń bọ̀. Wọ́n ti ń béèrè àdírẹ́sì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní èmi ni mo rán òun, irọ́ ló ń pa. Tí mo bá nílò nǹkan, màá béèrè fúnra mi, ìwọ á sì kọ̀ fún mi, a ti mọ bí ìyẹn ṣe ń lọ.

Máa jẹun dáadáa kí o tó lọ síbi iṣẹ́. Ìyá ẹ á máa fi gààrí àti ẹja gbígbẹ ránṣẹ́. Ọkùnrin tó bá ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, wo ohun tó ń gbé wá, wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Tí ẹ̀bùn bá ju iṣẹ́ lọ, kì í ṣe ìwọ ló ń fẹ́, káàdì tí o fi kọ́rùn ló ń fẹ́.

Èyí tó kù ni mo kà sí jù. Nígbà tí o fẹ́ kọ̀ fún mi, o kọ́kọ́ kúnlẹ̀. O ò pariwo, o ò fi ìwé tí o kà bú mi, o ò jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ fi mí ṣẹ̀sín. Mú kíkúnlẹ̀ yẹn lọ sí Àkúrẹ́, mú kíkọ̀ yẹn náà lọ. Nínú òwò mi, mo ti rí àwọn tó mọ̀ ọ́n kí tí wọn ò mọ̀ ọ́n kọ̀, mo sì ti rí àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ̀ tí wọn ò mọ èèyàn kí. Ìwọ mọ méjèèjì. Èmi ni mo bí ẹ.

Àgbò náà ṣì wà lábẹ́ igi fúrúùtù. Àwọn èèyàn ń wá dá owó lé e, mi ò tà á. Kí n tó jókòó sídìí ìwé yìí ni mo mú sísọ́ọ̀sì, mo rẹ́ irun ara ẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ wà. ỌGA ti kúrò nílẹ̀. Ó ku ṢIFA.

Nígbà tí o bá wálé fún Iléyá, a máa pa á. Wo inú òfin yín dáadáa kí o tó wá, kí o mọ̀ bóyá bàbá lè gé itan ẹran fún ọmọ tó bí. Tí wọ́n bá ní kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, màá jẹ tèmi lójú ẹ.

Gbé fóònù ẹ sítòsí. Màá pè ẹ́.

Bàbá ẹ,
Alhájì Alágbò, Ìbà.